Kí Ọkọ̀ Tó Sáré, Ẹ Jẹ́ Kí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Kọ́kọ́ Dúró

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ sọ. Bí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn mẹkáníìkì nìkan nìyẹn, ẹ dákun, ẹ ní sùúrù kí ẹ kà á dópin. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò wọ abẹ́ ọkọ̀ rí, ṣùgbọ́n gbogbo wa la máa ń wọ inú rẹ̀.

Ìfẹ́ eré sísá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti ka ìtàn Jéhù ọmọ Nímṣì yóò rántí pé láti òkèèrè ni olùṣọ́ ti mọ̀ pé òun ló ń bọ̀, nítorí irú eré tó ń sá nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ wa lónìí. Ẹ ó gbọ́ igbe ẹ́ńjìnì láti ìkóríta, ẹ ó sì ti mọ ọmọ ẹni tó ń bọ̀. N kò bá wọn jà nítorí pé wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀ tó lè sáré. Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ wọn ni èyí: ọkọ̀ tó lè sáré yìí, ṣé ó lè dúró? Ṣé ó lè yà? Bí ọmọdé bá já sójú títì lójijì, ṣé táyà rẹ̀ yóò di ilẹ̀ mú?

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ kí a mú ọkọ̀ kan ṣoṣo tí púpọ̀ nínú wa mọ̀, kí a sì wo abẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ náà ni Golf GTI.

ỌKỌ̀ KÉKERÉ TÍ A ṢE FÚN ERÉ

Ní ọdún 1974 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen ní Jámánì gbé Golf jáde láti gba ipò ọkọ̀ Ìjàpá tí gbogbo ayé ti mọ̀. Ní 1975, wọ́n fi irú rẹ̀ kan tó ń sáré han àwọn ènìyàn níbi àfihàn ọkọ̀ ní ìlú Frankfurt, wọ́n sì pè é ní GTI. Ní 1976 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Agbára ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 110. Ọkọ̀ 5,000 péré ni wọ́n pinnu láti ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n tà nínú ti àkọ́kọ́ yẹn lé ní 450,000. Golf kejì, èyí tí àwa ń pè ní Golf 2, jáde ní 1983. GTI tirẹ̀ tẹ̀lé e ní 1984 pẹ̀lú agbára ẹṣin 112, lẹ́yìn náà ni èyí tó ní fáàfù 16 dé pẹ̀lú agbára ẹṣin 139, ó sì lè sáré kọjá 200 kìlómítà ní wákàtí kan.

Orúkọ Volkswagen kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní 1975 yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ jọ ní Ọ̀jọ́, lọ́nà Badagry ní Èkó. Lẹ́yìn náà ni tòkúnbọ̀ dé láti Yúróòpù, púpọ̀ nínú wọn gba èbúté Kútọnu wọlé, Golf sì kún ojú títì wa.

Kì í ṣe ẹ́ńjìnì nìkan ló mú kí àwọn ènìyàn fẹ́ràn GTI. Ọkọ̀ náà fúyẹ́. Golf 2 GTI fi díẹ̀ kọjá 900 kílò. Wọ́n sì ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ ju ti Golf lásán lọ. Wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n fún un ní sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì tó le sí i, wọ́n sì fi ọ̀pá irin kan sí iwájú àti òmíràn sí ẹ̀yìn, tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì jù sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tó bá ń yà. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn tó ṣe é kò fi agbára kún ẹ́ńjìnì kí wọ́n sì gbàgbé ẹsẹ̀. Méjèèjì ni wọ́n ṣe pọ̀.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti dáwọ́ Golf 2 dúró, èyí tó túmọ̀ sí pé èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú wọn ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ lè ṣì dára, nítorí pé ó ṣeé tún ṣe, a sì máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣàìsàn. Rọ́bà abẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ooru, epo, omi àti ọjọ́ orí ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, yálà ọkọ̀ náà ń rìn tàbí ó kàn wà nínú ọgbà. Ẹni tó ń wà á lójoojúmọ́ kì í tètè mọ̀, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń mọ́ ọn lára. Àlejò tó bá jókòó sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ló máa ń bèèrè pé, "Kí ló ń dún lábẹ́ yẹn?"

IṢẸ́ TÍ OLÚKÚLÙKÙ Ń ṢE LÁBẸ́ ỌKỌ̀

Àwọn mẹkáníìkì wa máa ń pè é ní ẹsẹ̀ ọkọ̀, orúkọ náà sì bá a mu. Ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ níbẹ̀.

Èkíní ni sípíríǹgì. Òun ló gbé ìwúwo ọkọ̀ àti ìwúwo àwa tó wà nínú rẹ̀. Bí táyà bá bọ́ sí gálọ́ọ̀pù, sípíríǹgì ni yóò fún pọ̀, tí yóò sì tún nà, kí ara ọkọ̀ má baà gba gbogbo ìkọlù náà.

Èkejì ni ṣọ́ọ̀kì. Orúkọ rẹ̀ ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Wọ́n rò pé òun ló ń gba ìkọlù kòtò. Sípíríǹgì ló ń gbà á. Iṣẹ́ ti ṣọ́ọ̀kì ni láti kó sípíríǹgì níjàánu. Bí a bá tẹ sípíríǹgì tí a sì fi í sílẹ̀, yóò máa fò sókè sódò. Nínú ṣọ́ọ̀kì, písítìnì kan wà tó ń ti epo gba inú ihò tín-ín-rín kọjá. Epo náà kò lè yára kọjá, nítorí náà agbára fífò yẹn á di ooru, ọkọ̀ á sì rọlẹ̀. Bí epo náà bá ti jò, tàbí tí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá ti jẹ, táyà á máa fò lórí títì bíi bọ́ọ̀lù. Táyà tí kò kan ilẹ̀ kò lè yà, kò sì lè dúró, bó ti wù kí búréèkì rẹ̀ jẹ́ tuntun tó.

Ẹ̀kẹta ni búṣì. Èyí ni rọ́bà tí a fi irin ká, tó wà níbi tí apá irin abẹ́ ọkọ̀ ti so mọ́ ara ọkọ̀. Ó ń jẹ́ kí apá náà lè lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ó máa rìn síwájú sẹ́yìn. Bí búṣì bá ti ya, táyà á máa yí ojú padà fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá tẹ búréèkì, ẹ ó sì rí i pé ọkọ̀ ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ̀kẹrin ni àwọn oríkèé, ìyẹn bọ́ọ̀lù-jọ́ìǹtì àti táì-rọ́ọ̀dù. Bí orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ ti rí lára wa ni wọ́n rí lára ọkọ̀. Bí búṣì bá bàjẹ́, ọkọ̀ á máa rìn bí ẹni tó mutí. Bí bọ́ọ̀lù-jọ́ìǹtì bá yọ lórí ìrìn, táyà iwájú á ká sábẹ́ ọkọ̀, kò sì sí awakọ̀ tó mọ̀ ọ́n wà débi pé yóò rí ohunkóhun ṣe sí i.

Ní iwájú Golf, ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì jọ wà lórí òpó kan ṣoṣo ni. MacPherson ni wọ́n ń pe irú òpó bẹ́ẹ̀, nítorí Earle MacPherson, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà tó bá Ford ṣiṣẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ló ti wà lábẹ́ Ford Consul àti Zephyr tí àwọn àgbà wa ṣì rántí. Ní ẹ̀yìn Golf, irin gígùn kan ló so táyà méjèèjì pọ̀, a sì ṣe é kí ó lè máa lọ́ díẹ̀. Búṣì ńlá méjì péré ló di gbogbo irin ẹ̀yìn yìí mọ́ ara ọkọ̀. Ẹ rántí búṣì méjì yẹn, mo ń padà bọ̀ wá sórí wọn.

OHUN TÍ A BÁ LÁBẸ́ RẸ̀

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa ra Golf 2 GTI pupa kan. Ó ti ń tọ́jú owó pamọ́, ó sì ti pín owó náà sí mẹ́ta: apá kan fún ọ̀dà tuntun, apá kan fún ríìmù, apá kẹta fún ẹ̀rọ orin. Ó wá fi ọkọ̀ náà hàn mí tayọ̀tayọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, nítorí náà mo ní kí a kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá mẹkáníìkì kan tó ti ń tún Volkswagen ṣe láti ìgbà Ìjàpá.

Bàbá náà kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rárá. Ó gbé ọwọ́ lé igun iwájú ọkọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀. Igun náà fò lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó dúró.

"Bàbá, ọkọ̀ yìí ń sáré gan-an o," ni ọmọkùnrin náà wí.

"Mo gbọ́. Ta lo máa ń gbé?"

"Ìyá mi ni, sà. Mo máa ń gbé wọn lọ sí Ìṣẹ́yìn lópin oṣù."

Bàbá náà kò fèsì. Ó fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ó fi irin gbé e dúró dáadáa, ó di táyà ọ̀tún mú lókè àti nísàlẹ̀, ó sì mì í. A gbọ́ kò, kò, kò. Bọ́ọ̀lù-jọ́ìǹtì ẹ̀gbẹ́ náà ti fẹ́ yọ. Ó fi tọ́ọ̀ṣì hàn wá pé ṣọ́ọ̀kì iwájú méjèèjì ti jo epo, eruku sì ti lẹ̀ mọ́ wọn. Rọ́bà orí òpó, èyí tó di òpó mọ́ ara ọkọ̀ lókè, ti ya. Búṣì ẹ̀yìn lọ́wà-áàmù ti là bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́yìn ọkọ̀, ṣọ́ọ̀kì ọ̀tún àti ti òsì kì í ṣe irú kan náà, nítorí pé ẹnìkan ti pààrọ̀ ọ̀kan ṣoṣo nígbà kan. Ọ̀kan nínú búṣì ńlá méjì ẹ̀yìn ti ya kúrò lára irin rẹ̀. Èyí tó wá burú jù ni pé ẹnìkan ti fi iná gáàsì gé sípíríǹgì iwájú kúrú, kí ọkọ̀ lè rẹlẹ̀ bíi ti àwọn tó ń díje eré.

Ojú ọmọkùnrin náà rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní, "Ṣé kí n kúkú tà á ni, sà?"

Bàbá náà wò ó. "Kí o tà á fún ta? Ẹni tó bá rà á náà ní ìyá."

Láti ọjọ́ yẹn, ọkọ̀ náà kò kúrò lójú kan títí tí a fi rí bọ́ọ̀lù-jọ́ìǹtì rà. Ọkọ̀ èrò ni ìyá rẹ̀ wọ̀ lọ sí Ìṣẹ́yìn lóṣù náà àti lóṣù tó tẹ̀ lé e.

BÍ A ṢE TÚN UN ṢE

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe lọ ní ẹsẹẹsẹ, kí ẹni tó bá gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún mẹkáníìkì lè mọ ohun tí yóò bèèrè.

Lákọ̀ọ́kọ́, bàbá náà fi epo tó ń wọ ìpẹtà sí gbogbo nọ́ọ̀tì àti bóòtù abẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú. Nọ́ọ̀tì ọgbọ̀n ọdún kì í fẹ́ tú, ẹni tó bá fi agbára mú un á kán an. Ó tún fi ṣọ́ọ̀kì funfun ti ilé-ìwé sàmì sí ibi tí òpó iwájú ti dúró lára ibùdó táyà, nítorí pé bóòtù méjì tó so wọ́n pọ̀ níbẹ̀ ló ń pinnu bóyá táyà á dúró gbọnrangandan tàbí á dà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ti sípíríǹgì. Ẹ fetí sílẹ̀ níbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn láti máa dán nǹkan wò lẹ́yìn ilé. Sípíríǹgì tó wà lórí òpó ti fún pọ̀, agbára tó wà nínú rẹ̀ sì lè pa ènìyàn. Irinṣẹ́ pàtàkì kan wà tí a fi ń fún un pọ̀ kí a tó tú nọ́ọ̀tì orí òpó. Ẹni tí kò bá ní irinṣẹ́ yìí, tàbí tó ní èyí tí eyín rẹ̀ ti jẹ, kí ó gbé e fún ẹni tó ní in. Bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e. Jáàkì wà fún gbígbé sókè. Irin tó ní ẹsẹ̀ ni kí ó gbé e dúró.

Nínú òpó iwájú Golf 2, ṣọ́ọ̀kì wà bí ọ̀pá tó ṣeé yọ, nọ́ọ̀tì ńlá kan ló dé e mọ́ inú òpó náà. A yọ ti àtijọ́, a fi tuntun sí i lápá ọ̀tún àti lápá òsì lẹ́ẹ̀kan náà. Méjì-méjì ni a ń pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì. Bí ẹsẹ̀ kan bá le tí èkejì sì rọ̀, ọkọ̀ á máa rìn bí ẹni tó wọ bàtà kan. Níwọ̀n ìgbà tí òpó sì ti wà nílẹ̀, rọ́bà orí òpó àti bíárì rẹ̀, rọ́bà kékeré tí kì í jẹ́ kí irin kọlu irin nígbà tí kòtò bá jìn, àti awọ tó ń bo ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì kúrò lọ́wọ́ eruku, gbogbo wọn ni a pààrọ̀ pọ̀. Owó wọn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó iṣẹ́ tí a ó tún san bí a bá ní láti tú òpó náà lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ti bọ́ọ̀lù-jọ́ìǹtì, bí ọkọ̀ ṣe ti ilé-iṣẹ́ jáde, irin tí a fi òòlù kàn pa ló dì í mọ́ lọ́wà-áàmù. A ní láti lu irin náà jáde, kí a sì fi bóòtù mẹ́ta tó bá tuntun wá dì í. Bóòtù tó bá a wá ni kí a lò, kì í ṣe èyíkéyìí tí a bá rí nínú agolo.

Búṣì ńlá méjì ẹ̀yìn ni mo ní kí ẹ rántí. Ìdí rẹ̀ ni pé lábẹ́ Golf 2, wọn kì í kàn ń di irin ẹ̀yìn mú lásán. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ṣe wọ́n lọ́nà pé, bí ọkọ̀ bá ń yà pẹ̀lú eré, wọn kì í jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn yí ojú rẹ̀ sí ibi tí kò yẹ. Nítorí náà ojú tí a kọ sí nígbà tí a bá ń tẹ̀ wọ́n wọlé ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá tẹ̀ wọ́n wọlé lódì ti ba iṣẹ́ wọn jẹ́, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ tuntun.

Èyí tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í ṣe ló kù, bàbá náà sì tẹnu mọ́ ọn gidigidi. Bí a bá ti fi búṣì tuntun sí i, a kò gbọdọ̀ fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ pa nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lókè tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ̀ wálẹ̀. Kí a kàn fi ọwọ́ dì í, kí a gbé ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ kí ìwúwo rẹ̀ wà lórí táyà, lẹ́yìn náà kí a fún un pa. Rọ́bà inú búṣì lẹ̀ mọ́ irin. Lílọ́ ló ń lọ́, kì í yí. Bí a bá fún un pa nígbà tí ẹsẹ̀ ń rọ̀, ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá wà nílẹ̀, lílọ́ ni rọ́bà náà á wà, yóò sì ya kí ọjọ́ tó jìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti tìtorí èyí sọ pé ayédèrú ni ọjà tí wọ́n rà, nígbà tó jẹ́ pé bí a ṣe dì í ló pa á.

Nọ́ọ̀tì tó ń ti ara rẹ̀ pa kò ṣeé lò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ra tuntun. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ gbé ọkọ̀ lọ fún aláímẹ́ǹtì, nítorí pé ojú táyà ti kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ẹ dá a padà kí a tún wo gbogbo nọ́ọ̀tì náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ MÁ ṢE GÉ SÍPÍRÍǸGÌ

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí sípíríǹgì gígé, torí pé ó ti di àṣà láàárín àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n ní ó ń jẹ́ kí ọkọ̀ di ilẹ̀ mú. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ tó rẹlẹ̀ níwọ̀nba lè yà dáadáa, nígbà tí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá fi sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì tó bára mu sí i. Ṣùgbọ́n iná gáàsì ń ba líle irin náà jẹ́, ó lè kán nígbà tí a kò retí. Sípíríǹgì tó ti kúrú jù lè yẹ̀ kúrò lórí ìjókòó rẹ̀ bí táyà bá rọ̀ wálẹ̀ sínú kòtò. Bí ọkọ̀ bá sì rẹlẹ̀ jù, lọ́wà-áàmù á kọjú sókè dípò kí ó tẹ́jú, ọkọ̀ á sì máa fì sí ẹ̀gbẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dùn ún wò níwájú ilé, ṣùgbọ́n kò bá bọ́mpù àti gálọ́ọ̀pù wa mu.

Àwọn mìíràn máa ń fi búṣì oníke líle dípò rọ́bà. Fún ẹni tó ń díje lórí pápá, ó ní ìwúlò tirẹ̀, torí pé sitíárìn á dá ohùn kíákíá. Fún ọkọ̀ tó ń gbé ìdílé, rọ́bà bíi ti ilé-iṣẹ́ ló dára jù. Ike líle á máa gbé ariwo àti ìjìnnìjìnnì wọ inú ọkọ̀.

BÍ OWÓ KÒ BÁ TÓ

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní, "Pásítọ̀, níbo ni owó gbogbo èyí á ti wá?" Ọmọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ náà kò ní gbogbo owó náà lẹ́ẹ̀kan. Oṣù mẹ́rin ló gbà á. Bí a ṣe tò ó nìyí.

Ohun tó lè yọ lójijì ló ṣáájú: bọ́ọ̀lù-jọ́ìǹtì, táì-rọ́ọ̀dù àti táyà. Ní ti táyà, ẹ má wo eyín rẹ̀ nìkan. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àkọlé DOT lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tòkúnbọ̀ tó ń dán lè ti gbó ju ọmọ yín tó wà ní pírámárì lọ.

Ṣọ́ọ̀kì ló tẹ̀ lé e, méjì iwájú, lẹ́yìn náà méjì ẹ̀yìn, pẹ̀lú sípíríǹgì tó bá ti wà ní gígé. Lẹ́yìn wọn ni búṣì. Ọ̀dà, ríìmù àti ẹ̀rọ orin ló kẹ́yìn.

Ní ti ọjà tòkúnbọ̀, Ladípọ̀ ní Mushin kún fún un, n kò sì ní kí ẹ má lọ síbẹ̀. Apá irin tí kò wọ́, tí kò sì sán, ẹ lè rà á ní àlòkù. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì, búṣì àti bọ́ọ̀lù-jọ́ìǹtì àlòkù, ẹ má ṣe rà wọ́n. Ohun tó fà á tí wọ́n fi bọ́ ọ lára ọkọ̀ ti àkọ́kọ́ lẹ ń fi owó yín rà.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ọ̀dà ọkọ̀ pupa náà ṣì ṣá. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bi í pé kí ló fi owó rẹ̀ ṣe. Ó ní kí wọ́n wọlé kí àwọn jọ jáde. Kò sí ariwo lábẹ́ rẹ̀ mọ́, kò sì fì nígbà tí tírélà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn méjì nínú wọn ti gbé ọkọ̀ tiwọn lọ sọ́dọ̀ bàbá náà láti ìgbà náà.

Ẹ̀YIN ÒBÍ ÀTI Ẹ̀YIN AYA

Bí ọmọ yín bá ra ọkọ̀, ẹ bá a yọ̀. Lẹ́yìn ayọ̀ náà, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Nígbà wo ni wọ́n ti wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kẹ́yìn? Ṣé ṣọ́ọ̀kì ọ̀tún àti ti òsì jẹ́ irú kan náà? Ṣé ẹnikẹ́ni ti gé sípíríǹgì rẹ̀? Kò pọn dandan kí ẹ mọ iṣẹ́ mẹkáníìkì kí ẹ tó bèèrè. Ìyá tó bá bèèrè lè mú kí ọmọ rẹ̀ tẹ̀ ba láti wo abẹ́ ọkọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn àjò lópin ọdún, kí ó má dúró di ọ̀sẹ̀ tí yóò gbéra. Ẹ gbé ọkọ̀ lọ nísinsìnyí tí àwọn mẹkáníìkì ṣì ráyè, kí ẹ sì dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń fún nọ́ọ̀tì búṣì pa. Ẹ bi wọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bóyá táyà ti kan ilẹ̀.

Ó dìgbà kan ná. Ẹ kú ìrìn o, ẹ kú àbọ̀.